Ìwé Ìwọ̀n Aránṣọ Ìsàlẹ̀

Ẹni tó bá sọ pé arúgbó ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin kò lè lóyún mọ́, kò tíì ka fáìlì Màmá ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní àdúgbò ìsàlẹ̀. Fáìlì náà nípọn bíi bíríkì. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé Màmá lóyún ní oṣù kẹta, ó sì bí ìbejì ní oṣù kẹfà. Wọn ò tíì gbé bíròó kúrò lórí ìyẹn tí wọ́n fi fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ọwọ́. Ní oṣù kẹjọ ó já bọ́ látorí òrùlé, apá rẹ̀ kán. Nígbà tó máa fi di ìparí ọdún, àìsàn kan tó jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ló ń ṣe, òun náà ti ṣe Màmá.

Kì í ṣe idán, káàdì ló fà á. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ìwòsàn náà, káńsù rán ẹnì kan wá pẹ̀lú páálí káàdì kan. Èrò pọ̀, káàdì ò tó nǹkan. Ẹni tí wọ́n rán wo ìlà tó gùn lọ bẹẹrẹ, ó wo páálí ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí ẹni tó dàgbà jù nínú ilé kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ gba tirẹ̀, pé òun máa kó ti àwọn yòókù bọ̀ ní Mọ́ńdè. Ta ló fẹ́ bá àgbà du káàdì? Wọ́n fún àgbàlagbà mọ́kàndínlógún nínú ilé mọ́kàndínlógún. Mọ́ńdè tí wọ́n dá, kò dé.

Bẹ́ẹ̀ ni káàdì àgbà ṣe di káàdì ilé. Ti ilé Màmá wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá á mú un, á lọ, á sì dá a padà sórí ìṣó. Nọ́ọ̀sì mọ gbogbo wọn lójú, ó mọ orúkọ wọn, ó sì mọ ẹni tí abẹ́rẹ́ ń bà lẹ́rù. Ṣùgbọ́n oògùn kò gbọdọ̀ jáde láìsí nọ́ńbà káàdì, nítorí náà ohun tó bá ṣe kálukú, inú fáìlì àgbà ilé rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n fi káàdì ránṣẹ́. Wọn ò fún un lésì. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó rántí pé ó yẹ kí nǹkan rí bákan mìíràn.

Ọmọ tí Màmá kọ́kọ́ bí ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Aránṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aránṣọ mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà níbẹ̀, àti tábìlì ìgéṣọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú tí wọ́n fi pákó tì, àti ìwé ìwọ̀n mẹ́ta tí etí wọn ti ká kò. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kìlọ̀ fún un pé kó má fi orí gbé ìwọ̀n ẹnikẹ́ni, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ara èèyàn ń yí padà, ojú kì í sì í tètè rí i. Láti ọdún mọ́kànlá, kò sí èjìká, ìbàdí tàbí itan kan ní àdúgbò ìsàlẹ̀ tí kò sí nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Ó mọ ẹni tó sanra, ó mọ ẹni tó rù, ó máa ń mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ tó gbọ́. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyẹn ni wọ́n fi ń fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tó ń kó o lọ́kàn sókè ni ẹsẹ̀ òsì Màmá. Ìtọ̀ ṣúgà ló dá ọgbẹ́ kan sí i lókè ọrùn ẹsẹ̀, ọgbẹ́ náà sì ti lé lọ́dún kan tí kò jinná. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Màmá ń rọra tẹ̀ lé ọ̀pá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì kí wọ́n lè fọ ọ́, kí wọ́n sì pààrọ̀ báńdéèjì. Kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ní gbogbo Sátidé, Aránṣọ á fi téèpù yí ọrùn ẹsẹ̀ náà ká, á kọ bó ṣe wú tó sí ẹ̀yìn ìwé. Nọ́ọ̀sì ò fepo bọyọ̀ fún un.

"Àǹtí, bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tá ò fọ ọgbẹ́ yìí, ẹsẹ̀ yẹn ń lọ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí lẹ́tà káńsù wọlé. Wọ́n ní àwọn ń gbèrò láti ti ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ pa, kí gbogbo èèyàn máa lọ sí ti apá òkè tó tóbi. Ṣùgbọ́n wọn ò ní í ṣe é láìgbọ́ tẹnu ará àdúgbò. Wọ́n ti ṣẹ́ gègé lórí nọ́ńbà ilé, ilé Aránṣọ sì jáde, kó wá bá àwọn mẹ́fà láti àwọn àdúgbò mìíràn jókòó ní Tọ́sìdeè méjì tó ń bọ̀.

Onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun lódìkejì títì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ó kéré tán, wọ́n ti mọ ìyẹn. Bí wọn ò bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí wọ́n wá bi mí, iṣẹ́ mi ni."

Apá òkè kì í ṣe ibi tí wọ́n ń sáré dé. Ọkọ̀ méjì ni, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn òkúta tó gbéra láti ibùdókọ̀ lọ sí ojúlé káńsù àti ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aránṣọ kà á bó ṣe ń gùn ún lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́. Méjìlélọ́gọ́ta ni. Nígbà tó dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, ó dúró kó lè mí, ó sì ń rò ó bóyá Màmá lè gun mẹ́wàá.

Yàrá ìpàdé mọ́ tónítóní. Fáànù kan ń ké lókè bí ẹni tí ebi ń pa. Alága káńsù, obìnrin kan tó ti ṣe tíṣà rí, kí wọn dáadáa, ó sì bu omi fún wọn lọ́wọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé dìde. Bíròó mẹ́ta ló wà nínú àpò àyà rẹ̀, ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe ga sí. Kó tó sọ gbólóhùn méjì, á ní, "Ìwé kì í parọ́." Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ò pè é lórúkọ mìíràn mọ́, Ìwé-kì-í-parọ́ ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

"Àwọn tó ń gba ìtọ́jú ní apá òkè," ó gbé ìwé kan sókè, "ẹgbẹ̀rún méjì àti igba. Àwọn tó ń gba ìtọ́jú ní ìsàlẹ̀, mọ́kàndínlógún. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, mo kí yín o. Ara yín le ju tiwa lọ. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi pé a máa wá bi yín ohun tí ẹ ń jẹ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ ibi tí mọ́kàndínlógún yẹn ti wá kí ọkùnrin náà tó gbé ìwé sílẹ̀. Orí káàdì ni wọ́n ń kà, wọn ò ka orí èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀ pátápátá.

"Ìyáàfin Aránṣọ, ẹ̀yin lẹ ti ìsàlẹ̀ wá," Alága wí. "Ṣé ẹ ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ?"

Ó ya ẹnu, ó sì pa á dé. Ohun tó rántí ni ẹ̀yìn káàdì. Lẹ́tà wínníwínní ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá fi káàdì ẹlòmíì gba ìtọ́jú, ẹjọ́ ni. Orúkọ Màmá ló sì wà níwájú káàdì náà, gàdàgbà gadagba. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ìyá òun lòun máa fà lé wọn lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì náà á lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

"Kò sí, Ma," ó ní.

Wọ́n ní àwọn máa fẹnu ọ̀rọ̀ jóná ní Tọ́sìdeè tó ń bọ̀. Aránṣọ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn méjìlélọ́gọ́ta yẹn, inú ń bí i sí ara rẹ̀ débi pé ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ síbòmíì.

Nígbà tó délé, Màmá ti na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀wà. Aránṣọ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ìkankan pamọ́, títí kan ibi tí òun ti pa ẹnu dé. Màmá fetí sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ mọ́kàndínlógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀wà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́kàndínlógún kẹ̀! Ilé wa nìkan, mẹ́rìnlá ni wá, a ò tíì ka ẹni tó wà nínú ikùn ìyàwó àbúrò rẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, o ò sọ fún un ni?"

"Màmá, orúkọ yín ló wà níbẹ̀. Wọ́n lè gbé yín lọ sílé ẹjọ́."

"Kí wọ́n gbé mi lọ. Ṣé wọ́n á máa bá mi fọ ọgbẹ́ mi níbẹ̀? Ṣé ibẹ̀ ní àtẹ̀gùn?" Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, gbọ́. Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń dúró gbàdúrà fún ẹ. Mi ò fẹ́ kó lọ. Ẹ̀rù ń bà mí ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ."

Màmá ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó ń ṣa àwọn ẹ̀wà tó bọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń ká báńdéèjì lọ́wọ́, kò tilẹ̀ dúró.

"Àǹtí, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀dà lẹ́tà méjèèjì tí mo kọ sí wọn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ, màá lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wo ẹsẹ̀ tí mo ń fọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lọ lójú mi."

Ó ku ohun kan. Akọ̀wé yẹn, ìwé nìkan ló gbọ́. Bí gbogbo ìsàlẹ̀ bá gòkè lọ láti búra fún un, ó máa ní ẹnu lásán ni. Aránṣọ jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò ràn, kò gé. Oníbàárà kan wọlé pé kó wá wọn òun. Ó nawọ́ mú ìwé, ó ṣí i, ó wo ojú ewé tó kún fọ́fọ́ fún orúkọ. Oníbàárà náà ní títí dòní òun ò mọ ohun tó mú Aránṣọ fò dìde, tó dì mọ́ òun.

Ìrìn ọjọ́ Tọ́sìdeè kejì, wọ́n ṣì ń fi í pa ìtàn. Màmá ní dandan òun máa lọ. Ọmọlanke ló gbé e dé ibùdókọ̀, tòun ti àga rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àtẹ̀gùn, Onígbàjámọ̀ àti ọkọ àbúrò Aránṣọ gbé àga náà láàárín ara wọn. Màmá ń ka àtẹ̀gùn sókè bí ẹni ń ka owó orí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n gbé e kalẹ̀ kí wọ́n lè mí. Ní èkejìdínlógójì, Onígbàjámọ̀ ní, "Màmá, àfi kẹ́ ẹ jẹ́ kí n gẹ irun yín, kó lè fúyẹ́ díẹ̀," Màmá sì fi ọ̀pá gbá a létí ìgbáròkó. Àwọn bí ogójì tẹ̀ lé wọn. Káfíńtà àdúgbò wà lára wọn, ó ń fi igi abẹ́ apá rẹ̀ gun òkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òógùn bò ó. Nígbà tí wọ́n máa fi dé òkè, omi ti rin báńdéèjì ẹsẹ̀ Màmá gbindin.

Alága dìde nígbà tó rí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo báńdéèjì náà, ó ní kí wọ́n wá ìjókòó sí i.

Aránṣọ ò jẹ́ kí ẹ̀rù rí àyè. Kí ó tó jókòó ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ma. Ẹ bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kò sí. Ó wà. Kì í ṣe èèyàn mọ́kàndínlógún ló ń gba ìtọ́jú ní ìsàlẹ̀. Káàdì mọ́kàndínlógún ni. Ilé kan, káàdì kan; ẹni tí ẹ rán wá ní òun máa kó ìyókù bọ̀ ní Mọ́ńdè, kò dé. Gbogbo wa la jọ ń lò ó."

Ìwé-kì-í-parọ́ rọra fa fáìlì keje, ti Màmá, jáde nínú àpótí tó gbé wá. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó hàn nínú ìwé. Ó gbé ojú síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí ẹni ń ka ìkéde.

"Obìnrin, ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Oṣù kẹta, oyún oṣù mẹ́rin." Ó dúró. Ó gbójú sókè wo Màmá lórí àga. Ó padà sínú ìwé. "Oṣù kẹfà, ó bí ìbejì, ọkùnrin àti obìnrin."

"Wọ́n ń kí yín," Màmá wí.

Ẹ̀rín bú jáde. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn gbé ọmọ méjì sókè. Akọ̀wé tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ ti ń le, ó kà á pé ó já bọ́ látorí òrùlé, bàbá kan sì ké láti ẹ̀gbẹ́ ògiri pé, "Èmi ni o!" Nígbà tó dé ibi àìsàn ọkùnrin, òun fúnra rẹ̀ ò lè kà á parí. Ó bo ẹnu. Alága ti gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rín ń yí lọ́kàn padà.

"Mo ti rí i pé fáìlì yìí ò mọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n mélòó ni yín? Ta ló kà yín? Ẹnu lásán ò tó. Ìwé dà?"

Ohun tí Aránṣọ ń dúró dè nìyẹn. Ó gbé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìwé rèé, ọ̀gá. Orúkọ, ilé, ọjọ́ tí wọ́n wá, bí ara wọn ṣe rí."

Akọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìfura. Ó ní kí Aránṣọ ka orúkọ ẹnì kan, kí onítọ̀hún dìde. Aránṣọ ka ìyá ìbejì, ó dìde. Ó ka Onígbàjámọ̀: "Àyà, íǹṣì ogójì. Ìbàdí, mẹ́rìndínlógójì."

"Ẹ má parọ́ mọ́ ọn," ìyàwó Onígbàjámọ̀ ké láti ẹ̀yìn. "Ó ti kọjá ogójì láti ọdún tó kọjá!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àmọ́ akọ̀wé ò gbọ́ wọn mọ́. Ó ti jókòó, ó ti yọ ọ̀kan nínú bíròó mẹ́ta yẹn, ó sì ń ka ìwé ìwọ̀n náà pẹ̀lú ọkàn rẹ̀ gbogbo. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa ọkùnrin yìí: kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó wà lórí ìwé ló máa ń wọ̀ ọ́ lọ́kàn, kò sì sí ẹni tó fún un ní ìwé tó dáa rí. Ó ń ṣí i, ó ń ṣàmì. Irinwó èèyàn àti méjìlá ló kà. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti tán. Kò dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún bọ̀ síwájú, ó ń ká etí ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ìyáàfin Aránṣọ," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kí ni ìtumọ̀ èyí? 'Sòkòtò mẹ́ta. Ẹsẹ̀ òsì: dí i.'"

Aránṣọ wo ibi tí ó nawọ́ sí.

"Káfíńtà ló ni ín," ó ní. "Nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí ọgbẹ́, ó kó àwọn sòkòtò rẹ̀ wá. Mo gé ẹsẹ̀ kan kúrú, mo rán ẹnu rẹ̀ pa."

Káfíńtà gbé ara rẹ̀ dìde lórí igi abẹ́ apá. Ó kàn yí ẹ̀gbẹ́ sí wọn kí wọ́n lè rí i.

"Èyí ńkọ́? 'Ẹsẹ̀ ọ̀tún: dí i.' Èyí tún rèé. Èyí náà." Akọ̀wé ń ṣí àwọn etí ewé tó ká. "Mẹ́fà ni. Kò sí ìkankan láàárín ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọdún méjì tó gbẹ̀yìn."

Aránṣọ di etí tábìlì mú. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi rán gbogbo wọn. Ó rántí ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rántí pé òun sunkún lórí ti Káfíńtà. Ṣùgbọ́n kò kà wọ́n pọ̀ rí. Ẹnì kan á wá lónìí, ẹnì kan á wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, òun á rán ẹnu aṣọ pa, òun á gé òwú. Kò wá sí i lọ́kàn pé ìlà kan náà ni gbogbo wọn tò sí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn?" Alága béèrè.

Nọ́ọ̀sì, tó bá wọn gòkè wá, ló dáhùn. "A jẹ́ nọ́ọ̀sì méjì tẹ́lẹ̀, Ma. Ojoojúmọ́ là ń fọ ọgbẹ́. Wọ́n mú ìkejì kúrò. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni agbára mi ká, àwọn mìíràn á wá, kò ní í kàn wọ́n, wọ́n á padà sílé."

"Ta ló mú un kúrò?"

Ìwé-kì-í-parọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́, Ma. Mo ní èèyàn mọ́kàndínlógún ò nílò nọ́ọ̀sì méjì." Ó pa ìwé ìwọ̀n náà dé jẹ́jẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. "Ìwé mi ò pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ẹni tó ń retí pé Káfíńtà máa fi igi ọwọ́ rẹ̀ là á lórí, ó retí lásán. Káfíńtà kàn ní, "Káńsù ṣẹ̀, àwa náà dákẹ́. Àwọn ẹsẹ̀ tó kù ni kẹ́ ẹ wò," ó sì jókòó.

Wọn ò lò tó wákàtí kan lórí ìyókù. Wọn ò ní í ti ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ pa. Nọ́ọ̀sì kejì máa padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Akọ̀wé máa wá ka èèyàn ní ojúlé dé ojúlé, Aránṣọ àti Onígbàjámọ̀ á sì máa bá a rìn kó má bàa fo yàrá kankan. Àwọn méje tí wọ́n ṣẹ́ gègé mú yìí, wọn ò ní í tú ká, wọ́n á máa jókòó lóṣooṣù, káńsù ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí ohunkóhun nípa ìlera láìbi wọ́n. Aránṣọ bá gbọ́wọ́ sókè, ó ní òun ní ohun kan láti sọ, pé kí ìpàdé máa wáyé ní ìsàlẹ̀. Alága bojú wo báńdéèjì Màmá, ó ní ó yẹ bẹ́ẹ̀.

"Káàdì yẹn ńkọ́, Ma?" Aránṣọ béèrè. "Wọ́n kọ ẹjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ta ló sọ pé òun ń bọ̀ ní Mọ́ńdè tí kò wá?" Alága ní. "Ọrùn onítọ̀hún ni kí ẹ kó o lé. Kò sí ẹjọ́ kankan."

Ara tu Aránṣọ. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, ó gbé orí lé itan rẹ̀ níwájú gbogbo ará káńsù, Màmá sì ń fọwọ́ pa á lórí bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Bí wọ́n ṣe ń gbé àga sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ka àtẹ̀gùn. Onígbàjámọ̀ ń kọrin, ohùn rẹ̀ ò dáa, wọ́n sì ń gbè é.

Káàdì tuntun dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ìwé-kì-í-parọ́ fúnra rẹ̀ ló ru páálí náà wá sí ìsàlẹ̀, Mọ́ńdè ló sì bọ́ sí. Màmá ní ó pẹ́ lọ́nà díẹ̀ ni, ọdún mẹ́sàn-án péré. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì fi fáìlì tuntun hàn án, tó rí i pé kò ju ewé méjì lọ, ó bínú.

"Ṣé gbogbo àìsàn mi ò ju èyí lọ ni? Ìbejì mi dà?"

Ojoojúmọ́ ni wọ́n wá ń fọ ọgbẹ́ náà. Ní gbogbo Sátidé, òǹkà téèpù ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, Nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì, ó wò ó, ó tẹ̀ ẹ́ níbí àti lọ́hùn-ún, kò sì wé òmíràn. Awọ ara ti bò ó.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Màmá wọ ṣọ́ọ̀bù láìmú ọ̀pá. Ó dúró síwájú tábìlì ìgéṣọ.

"Wọ̀n mí," ó ní. "Mo fẹ́ dá sòkòtò."

"Sòkòtò? Màmá, ẹ ò wọ sòkòtò rí láyé yín."

"Tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àbí o fẹ́ kí n máa fi ìró bo ẹsẹ̀ tí gbogbo káńsù jókòó ṣèpàdé lé lórí?"

Aránṣọ kúnlẹ̀ pẹ̀lú téèpù, ẹ̀rín ń pa á. Ó ṣí ojú ewé tuntun. Ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sókè, ó kọ ìbàdí. Ó wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, ó kọ ọ́: íǹṣì mẹ́tàdínlógójì. Ó fa téèpù bọ́ sí òsì, ó fi àtàǹpàkò di orí rẹ̀ mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ sísàlẹ̀, títí ó fi kan àpá dídán tó wà lókè ọrùn ẹsẹ̀. Ó mú bíròó. Ó kọ "Ẹsẹ̀ òsì," ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ mẹ́tàdínlógójì sí i. Omi ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìwé, òǹkà náà ràn díẹ̀.

Màmá wolẹ̀ wò ó. "Kí lo ń sunkún sí? Ṣé aṣọ ò tó ni?"

"Ó tó, Màmá," Aránṣọ ní. "Ó tó ẹsẹ̀ méjèèjì."